Kò sí irúgbìn nínú ọ̀rá yẹn: bí koríko òkun pupa ṣe ń bímọ gan-an

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá àyè fún lẹ́tà yìí nínú ìwé ìròyìn yín, kí àwọn èèyàn wa tó ń gbé ẹ̀bá òkun láti Àgbádárìgì títí dé Sẹ̀mẹ̀ lè rí i kà kí wọ́n tó náwó wọn.

Ọ̀rá kan ló fa ọ̀rọ̀. Wọ́n ń tà á kiri: koríko gbígbẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n rọ sínú ọ̀rá, tí wọ́n sì ń pè ní irúgbìn koríko òkun pupa. Wọ́n ní kí èèyàn kàn wọ́n ọn sínú omi bí ẹni ń wọ́n ẹ̀fọ́ sórí ebè, pé tó bá di oṣù mẹ́ta, ìkórè dé. A ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí a mọ̀ ni pé koríko òkun pupa kò ní irúgbìn. Kò ní òdòdó, kò ní èso, kò ní kóró. Ọ̀nà tó ń gbà bímọ yàtọ̀ sí ti àgbàdo àti ti ẹ̀fọ́, ó tilẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn koríko òkun aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé inú omi kan náà. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà náà, owó rẹ̀ á kàn bá omi lọ ni.

Ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí àwọn èèyàn ń pa wọ́n pọ̀. Koríko tó máa ń ya dé etíkun wa gègèrè, tó ní àwọn ọmọ róbótó bí bálúùnù kékeré lára, tó máa ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ tó bá pẹ́ nílẹ̀, Sargassum ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2011 ló kọ́kọ́ ya wọ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní ọ̀pọ̀ yanturu. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni, kì í ṣe pupa. Èyí tó ń léfòó lójú agbami yìí kì í lóyún. Kíkán ló ń kán, tí ẹ̀ka tó kán á sì máa dàgbà lọ ní tirẹ̀. Bí ìgbì bá ti gbé e jù sórí iyanrìn, òkú ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó o sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pé òun ń sin koríko pupa.

Àwọn pupa tí à ń sọ yìí tó nǹkan bí 7,000 ẹ̀yà káàkiri ayé. Gracilaria wà lára wọn, òun ni wọ́n ń se kí wọ́n tó rí ágà, ohun dídì tí àwọn ilé àyẹ̀wò fi ń sin kòkòrò àrùn nínú abọ́ pẹlẹbẹ. Hypnea wà níbẹ̀, tó ń hù lórí àpáta etíkun Gana. Kappaphycus àti Eucheuma tún wà níbẹ̀, àwọn tí àwọn obìnrin Zanzibar ti ń gbìn láti ọdún 1989. Iyanrìn ni etíkun tiwa, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ koríko pupa tó bá bọ́ sórí iyanrìn tí ìgbì ń yí kiri kò rí nǹkan dì mú. Ibi tí òkúta bá wà, irú èyí tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ èbúté Èkó, ẹ ó rí koríko òkun lóríṣiríṣi lára rẹ̀, pupa kò sì gbẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe ń bímọ nìyí. Ẹ ní sùúrù kà á, torí ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe ti ń wá. Gracilaria la ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀. Lójú lásán, ẹ kò lè dá wọn mọ̀ kí abo tó lóyún. Akọ ń tú àtọ̀, ṣùgbọ́n àtọ̀ rẹ̀ kò nírù. Àtọ̀ ẹja nírù, ti ọ̀pọ̀lọ́ nírù, ti ọ̀pọ̀ koríko òkun yòókù náà nírù tí wọ́n fi ń wẹ̀. Ti pupa kò ní in rárá. Sẹ́ẹ̀lì róbótó lásán ni, ibi tí omi bá gbé e lọ ló ń lọ. Abo ní tirẹ̀ kì í tú ẹyin sílẹ̀. Ẹyin jókòó sínú ara rẹ̀, ó kàn na irun tín-ín-rín kan síta, irun yìí ló ń dẹ dè é bí ìwọ̀. Bí àtọ̀ kan bá fara kan irun náà, á lẹ̀ mọ́ ọn, ohun tó wà láàrin rẹ̀ á sì gba inú irun sọ̀kalẹ̀ lọ bá ẹyin nísàlẹ̀.

Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti gbà pé omi nìkan ni alárinà láàrin wọn. Ní ọdún 2022, àwọn oníwàádìí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Roscoff nílẹ̀ Faransé gbé e jáde nínú ìwé Science pé alárinà mìíràn wà: ẹ̀dá òkun kékeré kan tó lẹ́sẹ̀ púpọ̀, Idotea balthica lorúkọ rẹ̀. Tó bá ń rìn lórí Gracilaria akọ, àtọ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn lára àti lẹ́sẹ̀. Tó bá rékọjá sórí abo, á gbé e débẹ̀, bí oyin ṣe ń ṣe fún òdòdó. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe, oyún tó dúró níbi tí ẹ̀dá yìí wà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 20 ti ibi tí kò sí. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ni oúnjẹ: àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ awọ koríko ló ń jẹ, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ ń bá a nu ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń da oògùn apakòkòrò sínú taǹkì nítorí pé ẹ rí nǹkan tó ń rìn, ẹ rántí èyí.

Oyún dúró. Èèyàn á rò pé ọmọ máa bọ́ sómi báyìí. Rárá o. Ọmọ àkọ́kọ́ yìí kì í kúrò lára ìyá rẹ̀; ẹ̀yìn ìyá ló wà, bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n, ìyá ló sì ń bọ́ ọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà, wọ́n tilẹ̀ máa ń gbé oyún náà fún sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó wà nítòsí, tó sanra ju èyí tó kọ́kọ́ gbà á lọ. Alágbàtọ́ ni ká máa pe sẹ́ẹ̀lì yẹn. Oyún kan ṣoṣo á wá máa pín, á máa pín, títí yóò fi di ìdì okùn wẹ́wẹ́ tí orí rẹ̀ kún fún sípóò. Sípóò yìí ni ọmọ tó lè dá wà: sẹ́ẹ̀lì kan péré, tó tó láti di odindi koríko. Ìyá á fi awọ bo ìdì náà, á sì fi ihò kékeré kan sílẹ̀ lókè.

Èyí lẹ lè fojú rí. Ẹ mú Gracilaria tó ti gbó, ẹ gbé e sókè nínú ìmọ́lẹ̀, kí omi ara rẹ̀ ro. Bó bá jẹ́ abo tó lóyún, ara ẹ̀ka rẹ̀ á rí págunpàgun bí awọ adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò rá a. Kókó líle ni, róbótó, bíi mílímítà kan sí méjì ní fífẹ̀, kò sì ṣeé họ kúrò. Èyí tó bá ṣeé họ, ìkarahun kékeré ló lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má kà á kún oyún. Tí ẹ bá fi awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10 wò ó, ẹ ó rí ihò kan bí ojú abẹ́rẹ́ ní ṣóńṣó kókó. Ihò yẹn ni sípóò ń gbà jáde. Kókó tó ti ṣá, tí ihò rẹ̀ sì ti ya gbàgà, ti bímọ tán, kò wúlò mọ́. Èyí tó ṣì pọ́n dẹ̀dẹ̀, tó kún, ni kí ẹ mú.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe wàhálà báyìí? Ohun tí àwọn onímọ̀ rò, tí àwa náà sì gbà, ni pé àìnírù àtọ̀ ló fà á. Nígbà tí àtọ̀ kò lè wẹ̀ lọ bá ẹyin, oyún ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí oyún ṣọ̀wọ́n fún kò ní fi ẹyọ kan bí ẹyọ kan. Oyún kan náà ló ń sọ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún sípóò.

Sípóò tó ti inú kókó jáde ní krómósóòmù (okùn wẹ́wẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá) ti bàbá àti ti ìyá papọ̀. Tó bá rí òkúta dì mú, á dàgbà di koríko tó jọ ìyá àti bàbá rẹ̀ bí ìbejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Kò ní àtọ̀, kò ní irun. Abẹ́ awọ rẹ̀ ni àwọn àpò wẹ́wẹ́ wà. Àpò kọ̀ọ̀kan á pín krómósóòmù rẹ̀ sí ìdajì, á sì bí sípóò mẹ́rin: méjì á di akọ, méjì á di abo. Ibẹ̀ ni ìran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìran mẹ́ta nìyẹn, kì í ṣe méjì: akọ àti abo, ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá, àti èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo. Ohun tí kò yé àwọn tó ń ta ọ̀rá nìyí. Bí ẹ bá gbin sípóò inú kókó, ìran kẹta nìkan ni yóò kún oko yín, ẹ kò sì ní rí kókó kan lára wọn títí láé. Àwọn kan á wá ní koríko àwọn yàgàn. Kò yàgàn, abẹ́ awọ ni tirẹ̀ wà. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ fi abẹ tuntun gé ẹ̀ka rẹ̀ ní ìbú, kó fẹ́lẹ́ débi pé ìwé ìròyìn ṣeé kà lódìkejì rẹ̀, ẹ gbé e sórí gíláàsì pẹ̀lú ẹ̀kán omi òkun kan, ẹ wò ó lábẹ́ màíkírósíkóòpù ní ìlọ́po 100. Bó bá jẹ́ ìran kẹta tó ti gbó, ẹ ó rí àwọn ojú pupa dúdú tó tò sábẹ́ awọ, tí ìlà sì pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin bí ẹni la ọsàn ní òró àti ní ìbú.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé ìwé nìkan. Ní Chile, kíkán ẹ̀ka ni wọ́n fi ń gbin Gracilaria chilensis, ìwádìí kan tó jáde ní 2008 sì fi hàn pé ìran kẹta ló gba àwọn oko náà kan, torí àwọn àgbẹ̀ ti ń ṣa ohun tó ń dàgbà dáadáa tún gbìn láìmọ ìran tó jẹ́. Lára Chondrus crispus, tí wọ́n ń kó ní àwọn òkun tútù, ohun tí wọ́n ń sè jáde lára akọ àti abo máa ń dì bí ẹ̀kọ, ti ìran kẹta kì í dì. Omi rẹ̀ kàn máa ń fà ni. Ẹni tó ń rà á láti fi ṣe oúnjẹ dídì gbọ́dọ̀ mọ èwo ló wà nínú àpò.

Àwọn ẹ̀yà kan tún wà tí ìran wọn kò jọra rárá, débi pé orúkọ méjì ni wọ́n fún ẹ̀dá kan ṣoṣo. Ẹ wo ti nori, ewé pupa fẹ́lẹ́ tí àwọn ará Japan fi ń wé ìrẹsì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń tẹ́ àwọ̀n sínú òkun nígbà ìwọ́wé, tí wọ́n á máa retí kó hù, láìmọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ti ń wá. Ní 1949 ni obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Kathleen Drew-Baker, sọ ọ́ di mímọ̀ nínú ìwé Nature pé sípóò irú koríko bẹ́ẹ̀ máa ń gbẹ́ inú ìkarahun wọlé, á di okùn pupa wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti ń pè ní Conchocelis, tí wọ́n sì rò pé ẹ̀dá mìíràn ni. Inú ìkarahun yẹn ló ń fi ìgbà ooru pamọ́ sí. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Japan ti ń sin ìkarahun nínú taǹkì. Obìnrin náà kú ní 1957 láìdé Japan rí. Ní 1963 wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un ní ìlú Uto nílẹ̀ Japan, wọ́n sì ń pè é ní ìyá òkun.

Ìtàn nori ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ ohun tó ń pàṣẹ ìgbà tí koríko yóò bímọ. Okùn inú ìkarahun kì í kàn dédé bímọ. Òru ló ń kà. Bí òru bá ti ń gùn, tí ọ̀sán ń kúrú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àpò sípóò. Bí wọ́n bá tan iná díẹ̀ láàrin òru gígùn yẹn, á gbà pé òru kò gùn mọ́, kò sì ní ṣe é. Lẹ́yìn tí àpò bá gbó, omi tó ń tutù sí i ló ń sọ fún un pé kó tú u sílẹ̀. Àṣẹ méjì ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ara wọn. Nínú taǹkì ní Japan, wọ́n ń fi aṣọ dúdú bò ó kí ọ̀sán lè kúrú, wọ́n á wá mú omi tutù, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ni sípóò á sì bọ́ sára àwọ̀n.

Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ kó ìlànà Japan wá sí Àgbádárìgì. Lọ́dọ̀ wa, ìyàtọ̀ tó wà láàrin ọ̀sán tó gùn jù lọ àti èyí tó kúrú jù lọ lọ́dún kò pé wákàtí kan. Koríko tó bá ń dúró de òru gígùn á dúró títí. Lójú tiwa, ohun tó yẹ ká máa ṣọ́ níhìn-ín ni iyọ̀, ìmọ́lẹ̀ àti oúnjẹ inú omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun dúró dáadáa. Tí òjò bá ti dé, pàápàá láti oṣù karùn-ún dé oṣù keje, omi odò á pọ̀ nínú rẹ̀, á dọ̀tí, ìmọ́lẹ̀ kò sì ní wọlé jìnnà. Ọ̀sà Àgbádárìgì ní tirẹ̀ kò ní iyọ̀ tó fún iṣẹ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò níbẹ̀.

Ohun kan tún ń pàṣẹ láti inú ara koríko fúnra rẹ̀. Àwọn oníwàádìí ní erékùṣù Canary rí i pé kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní spermine máa ń mú kí kókó oyún lára Grateloupia tètè gbó. Lára koríko pupa mìíràn, Pterocladiella, wọ́n rí i pé ethylene ń mú kí àpò ìran kẹta gbó. Ethylene yìí kò ṣàjèjì sí wa: afẹ́fẹ́ tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń tú jáde ni, òun ló mú kí àwọn ìyá wa máa dé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mọ́lẹ̀ kó lè tètè pọ́n. A ò ní kí ẹ lọ ra kẹ́míkà o.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín láti inú sípóò, èyí ni ohun tó máa nílò: àwo ike funfun tó fẹ̀, tó gba líta 10, abo tó lóyún, tútù yọ̀yọ̀, gíráàmù 100, omi òkun tí wọ́n sẹ́, àti ohun tí sípóò máa lẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, ìkarahun tàbí okùn tí wọ́n wé mọ́ férémù. Ẹ se ìkarahun, kí ẹ sá a gbẹ. Ẹ rẹ okùn ọ̀rá tuntun sómi fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì fọ̀ ọ́, kí epo ilé iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Aṣọ funfun tó nípọn ni kí ẹ fi sẹ́ omi, lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá fẹ́ pa àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, ẹ gbé e kaná dé nǹkan bí ìwọ̀n 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó máa rú èéfín ṣùgbọ́n kó má hó. Tó bá hó, lára iyọ̀ rẹ̀ á dì sísàlẹ̀ ìkòkò, kò sì ní jẹ́ omi òkun bó ṣe yẹ mọ́. Kó tutù pátápátá kí ẹ tó lò ó. Iyọ̀ inú òkun gangan jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 35 nínú líta kan. Láàrin 25 sí 35 ni kí tiyín wà. Ẹ ra ohun ìwọn iyọ̀ tí àwọn tó ń sin edé ń lò. Ahọ́n kò lè sọ ìyàtọ̀ 20 sí 30.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ abo náà nínú omi òkun, kí ẹrẹ̀, ìgbín wẹ́wẹ́ àti koríko aláwọ̀ ewé kúrò lára rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ lábẹ́ ibòji fún wákàtí kan sí méjì. Kí ara rẹ̀ ro ni, kó má gbẹ. Tí ṣóńṣó ẹ̀ka bá ti ń ká kò, ó ti pọ̀ jù. Ẹ to òkúta sísàlẹ̀ àwo, ẹ na àwọ̀n sókè rẹ̀, ẹ wá gbé koríko sórí àwọ̀n kí omi bò ó. Gbígbẹ díẹ̀ tó tún padà rí omi yìí ló ń mú kókó tú ọmọ. Ẹ má da omi náà rú, ẹ má fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì ẹ ó rí nǹkan bí eruku pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ àwo funfun. Sípóò nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí máíkírómítà 25 sí 30 lọ. Ẹ óò to bíi 35 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ tó rí mílímítà kan. Kò lè wẹ̀, bó ṣe bọ́ ló ṣe máa dúró. Nítorí náà ẹ má mi òkúta fún ọjọ́ méjì, kó lè dì mú. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ kó ìyá kúrò, torí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, gbogbo ọmọ á bá a lọ.

Láti ìgbà yẹn, ìmọ́lẹ̀ abẹ́ igi àgbọn ti tó wọn. Ẹ máa pa omi dà lọ́jọ́ mẹ́rin mẹ́rin, kí ẹ rọra da á láti ẹ̀gbẹ́ àwo. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, sípóò á ti di àmì pupa pẹlẹbẹ lórí òkúta. Á dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dà á nù. Ẹ dúró dè é: nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn tó dì mú, ọ̀mùnú á yọ láàrin àmì náà. Ìgbà tó bá tó mílímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ tó gbé e lọ sí ojú omi gbangba.

Ohun tó ń bà á jẹ́ jù lọ nílẹ̀ yìí ni omi tí kò níyọ̀. Sípóò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò ní ògiri sẹ́ẹ̀lì tó le, ìhòòhò ló wà, oje tó ń yọ̀ nìkan ló bò ó. Bí omi bọ̀rọ̀hólù tàbí omi òjò bá kàn án, omi á ya wọ inú rẹ̀, á sì bẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Òjò alẹ́ kan ṣoṣo tó kún àwo tí kò ní ìdérí lè pa iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan run, tí omi rẹ̀ á sì mọ́ gaara láàárọ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Èkejì ni ohun aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń yọ̀ bí ilá lórí òkúta. Ẹ̀dá wẹ́wẹ́ mìíràn ni, ó sì máa ń yára bo sípóò mọ́lẹ̀. Àwọn ilé ìwádìí ń fi kẹ́míkà germanium dioxide díẹ̀ dá a dúró; ẹni tí kò bá ní in, kó sẹ́ omi rẹ̀ dáadáa, kó sì dín ìmọ́lẹ̀ kù. Bó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé ló ń bò ó, bóyá ajílẹ̀ tàbí oúnjẹ inú omi ló pọ̀ jù. Bó bá ń funfun, oòrùn ló ń pa á. Bó bá sì jẹ́ pé sípóò kò jáde rárá, ẹ tún kókó wò: bóyá ó ti bímọ tán kí ẹ tó mú un, tàbí ẹ fi ọ̀rá dídì gbé e nínú oòrùn ọ̀sán. Aṣọ tó rin fún omi òkun, nínú kúlà, ni kí ẹ fi wé e.

Ti Kappaphycus yàtọ̀ díẹ̀, torí kíkán ni wọ́n ń kán an gbìn káàkiri: ẹ̀ka gíráàmù 50 sí 100, tí wọ́n so mọ́ okùn, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí wọ́n tó kórè. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ara kan náà ni gbogbo wọn. Àìsàn tó bá mú ọ̀kan lè mú gbogbo oko. Bí iyọ̀ bá já tàbí ooru bá pọ̀, ẹ̀ka á funfun, á sì já bọ́. Ice-ice ni àwọn àgbẹ̀ ń pè é. Kì í ṣe koríko ilẹ̀ wa, ó sì ti ya bo àpáta ẹlẹ́mìí tí wọ́n ń pè ní coral níbi tí wọ́n gbé e lọ ní Íńdíà. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn náà: Hypnea musciformis tí wọ́n gbé dé Hawaii ní 1974 ti di wàhálà etíkun níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dá gbé ẹ̀yà àjèjì wọ omi wa.

Bí ẹni tó ń tajà bá wá bá yín, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ bi í. Ṣé ó wà láàyè? Ìran wo ni? Nígbà wo ni wọ́n kó o kúrò nínú omi? Tí kò bá lè fi kókó hàn yín tàbí kó gé abẹ́ awọ rẹ̀ kí ẹ wò ó, kó máa lọ ní tirẹ̀. Èyí tó ti gbẹ kóróbójó nínú ọ̀rá, òkú ni, sípóò inú rẹ̀ náà ti kú. Ẹni tó bá ti rà á, kó rẹ ẹ́ sómi, kó da omi iyọ̀ rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mejì, kó wá dà á sídìí igi àgbọn.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí àti àwọn tó ń sin ohun inú omi,
Àgbádárìgì.